Ojú kọ̀ǹpútà pupa, ó ń ké: ohun tí ẹ máa ṣe kí gbájúẹ̀ tó wọlé

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Takie, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí yóò gbá láptọ́ọ̀pù mọ́ àyà bí ìyá tó gbé ọmọ tí gìrì mú. Ojú ẹ̀rọ á pupa, ohùn òyìnbó kan á máa pariwo látinú rẹ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, nọ́ńbà fóònù kan á sì wà níbẹ̀ gàdàgbà: ẹ pè wá kíákíá, ẹ má pa kọ̀ǹpútà yín. Ẹlòmíràn á ti pe nọ́ńbà náà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́, nítorí ojú-ewé pupa yẹn kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì rárá. Olè ló ń kan ilẹ̀kùn. Ìgbà tí ẹ bá pè é lẹ ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹni tó ń lo Windows 10 tàbí 11, àti ẹni tó ń lo fóònù Android, ni mo kọ èyí fún, torí àwọn ni mo ń rí jù. Ẹ kà á báyìí tí ara ṣì rọ̀ yín. Ọjọ́ tí ojú ẹ̀rọ bá pupa, àyà á ti máa já jù láti kàwé.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kejì tí kò sí wàhálà lára rẹ̀. Òun lẹ máa fi pe báńkì, òun náà lẹ máa fi yí páásíwọ́ọ̀dù padà.
- Káàdì ATM yín, nítorí nọ́ńbà báńkì tó wà lẹ́yìn rẹ̀.
- Iná tó lè dúró fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán. Tí NEPA bá mú iná láàárín àyẹ̀wò tí bátìrì yín sì ti kú, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.
- Dátà díẹ̀, àti hard drive tó ṣeé fà yọ fún ẹ̀dà fáìlì yín.
- Ìwé àti bírò. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ tẹ̀ àti aago tí ẹ tẹ̀ ẹ́. Báńkì máa bi yín.

Ìpele 1: Ẹ pa ojú-ewé náà láì fọwọ́ kan ohunkóhun inú rẹ̀

Ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì kò lè wo inú kọ̀ǹpútà yín kó sì ka iye fáírọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀. Àwòrán àti ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tó ṣí i ní Sábó àti ẹni tó ṣí i ní London, "fáírọ́ọ̀sì márùn-ún" kan náà ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Microsoft fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé ìkìlọ̀ àwọn kì í ní nọ́ńbà fóònù nínú. Tí ẹ bá ti rí nọ́ńbà níbẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

1. Ẹ pa ohùn kọ̀ǹpútà. Ẹ má fojú kéré èyí: ariwo yẹn ni wọ́n fi ń kó jìnnìjìnnì bá èèyàn. Tó bá dákẹ́, orí á balẹ̀.
2. Ẹ tẹ Esc, kí ẹ má sì tètè gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ojú-ewé tó gba gbogbo ojú ẹ̀rọ á sún sẹ́yìn, ẹ ó sì rí àmì X lókè. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbìyànjú F11.
3. Ẹ tẹ Alt àti F4 pọ̀.
4. Bí ó bá ṣì ń ṣagídí, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Task Manager á jáde. Ẹ tẹ orúkọ Chrome tàbí Edge, kí ẹ sì tẹ "End task".
5. Tí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tan ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú. Irọ́ ni pé kọ̀ǹpútà máa bàjẹ́ tí ẹ bá pa á.

Ẹ ṣọ́ra níbí o: "Cancel", "OK" tàbí X tó wà *nínú* ojú-ewé náà, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn lè ṣe, ẹni tó kọ ojú-ewé ló sì yan iṣẹ́ ọ̀hún. Àṣìṣe kejì ni ti ìgbà tí ẹ bá tún ṣí Chrome. Á bi yín bóyá kó dá àwọn ojú-ewé àná padà, ìyẹn "Restore". Ẹ má gbà fún un. Ojú pupa yẹn náà ló máa kọ́kọ́ padà wá.

Àwọn kan á pa á tán, ṣùgbọ́n àpótí kékeré á tún máa yọ ní igun ìsàlẹ̀ ọ̀tún, "Your PC is infected," lójoojúmọ́. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wo bọ́ọ̀lù tàbí kó fíìmù lọ́fẹ̀ẹ́, tí ojú-ewé kan ní kí ẹ tẹ "Allow" kó tó gbà yín láyè. Ìyọ̀ǹda ìfitónilétí lẹ fún un, ó sì ti ń lò ó látìgbà náà. Nínú Chrome, ẹ lọ sí Settings, "Privacy and security", "Site settings", "Notifications", kí ẹ sì yọ gbogbo orúkọ tí ẹ kò mọ̀.

Láti mọ̀ pé ó yanjú: ẹ tan kọ̀ǹpútà padà, ẹ ṣí Chrome, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí nǹkankan kò bá yọ tí ẹ kò sì pe ẹnikẹ́ni, ẹ fo Ìpele 2.

Ìpele 2: Bí ẹ bá ti pè wọ́n

Nígbà kajú tó kọjá, bàbá kan tó ń ra kajú kiri oko wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Kò gbé láptọ́ọ̀pù dání.

"Ẹnjiníà, níbo ni wọ́n ti ń ta káàdì Google Play?"

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Àwọn Microsoft ló ní kí n fi sanwó iṣẹ́ tí wọ́n ń bá mi ṣe. Wọ́n ṣì wà lórí fóònù, ọmọ mi ló ń dá wọn lóhùn nílé."

Ọ̀kadà kan náà la jọ gùn délé wọn. Bí a ṣe wọlé, ọfà kékeré ojú ẹ̀rọ ń rìn fúnra rẹ̀. Wọ́n ti ní kí ọmọ náà kó AnyDesk, áàpù tí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn fi lè darí ẹ̀rọ yín, sórí kọ̀ǹpútà kó sì ka nọ́ńbà rẹ̀ fún wọn. Wọ́n wá ṣí ibì kan tí wọ́n ń pè ní Event Viewer, wọ́n ní gbogbo àmì pupa tó wà níbẹ̀ fáírọ́ọ̀sì ni. Kò sí kọ̀ǹpútà Windows kan tí kò ní irú àmì yẹn. Tèmi tí mo fi ń jẹun ní ṣọ́ọ̀bù ní i. Mo fa módẹ́ẹ̀mù yọ, ọfà náà dúró gbọin. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Bàbá kì í ti orí láptọ́ọ̀pù wọ báńkì.

AnyDesk àti TeamViewer kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Irinṣẹ́ gidi ni wọ́n, mo máa ń fi wọ́n ran oníbàárà mi tó wà ní Ìbàdàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá ka nọ́ńbà yẹn fún ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yín nìyẹn: ó lè ka lẹ́tà yín, ó lè ṣí báńkì yín, ó sì lè bo ojú ẹ̀rọ kí ẹ má rí ohun tó ń ṣe.

Bí ẹ bá ti dé ibẹ̀ yẹn, ẹ má yí ètò yìí padà:

1. Ẹ gé íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Ẹ pa Wi-Fi, ẹ fa módẹ́ẹ̀mù, ẹ pa hotspot orí fóònù. Ẹ má dágbére fún ẹni orí fóònù, ẹ kàn pa á.
2. Ẹ fi fóònù kejì pe báńkì. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ATM ni kí ẹ pè. Ẹ ní kí wọ́n dí àkáǹtì àti káàdì. Bí báńkì yín bá ní kóòdù USSD tí ẹ lè fi dí i fúnra yín, ẹ lò ó kí ẹ tó máa dúró de ẹni tó máa gbé fóònù.
3. Lórí fóònù kejì yẹn náà, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Ti ímeèlì ló ṣíwájú, torí ẹni tó bá ní ímeèlì yín lè fi gba gbogbo yòókù.
4. Ẹ yọ áàpù tí wọ́n ní kí ẹ kó sórí ẹ̀rọ: Settings, "Apps", "Installed apps", tàbí "Apps & features" lórí Windows 10. Ẹ wo gbogbo ohun tó wọlé lọ́jọ́ yẹn, torí wọ́n lè ti fi èkejì pamọ́.
5. Ẹ ṣe Ìpele 3 láì fo ohunkóhun.
6. Bí owó bá ti lọ, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí báńkì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí. Ẹ tún lè mú ẹ̀sùn lọ sí ọ́fíìsì EFCC ní Ìbàdàn tàbí ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú lẹ́ẹ̀kejì: lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹlòmíràn á pè, á ní òun máa bá yín gba owó náà padà, kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù. Ẹgbẹ́ kan náà ni, tàbí ẹni tí wọ́n ta nọ́ńbà yín fún.

Gbájúẹ̀ ti ilẹ̀ wa kì í sábà lo ojú pupa. Ká ní ẹ kọ ẹ̀sùn sábẹ́ ojú-ewé báńkì lórí Facebook pé owó tí ẹ fi ránṣẹ́ kò dé. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ẹnì kan tó fi àmì báńkì náà ṣe fọ́tò ti kọ̀wé sí yín ní kọ̀rọ̀: "Ẹ má bínú, mà. A máa bá yín yanjú ẹ̀. Ẹ fún wa ní nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún ojú ATM." Ọ̀wọ̀ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ti òṣìṣẹ́ báńkì gidi lọ, èyí tó yẹ kó ti fu yín lára. Báńkì kò nílò PIN yín, kò nílò nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì, kò sì nílò OTP tó wọlé sórí fóònù yín. Ẹni tó bá béèrè ọ̀kan nínú wọn, ẹ dí i pa.

Ẹ ti parí ìpele yìí bí báńkì bá ti sọ fún yín pé àkáǹtì ti tì, tí ímeèlì yín sì gba páásíwọ́ọ̀dù tuntun nìkan. Nínú ímeèlì náà, ẹ wo ibi tó ń fi àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí àkáǹtì hàn, kí ẹ lé èyí tí kì í ṣe tiyín.

Ìpele 3: Ẹ yẹ inú kọ̀ǹpútà wò dáadáa

Ẹ má lọ ra antivirus, ẹ má sì gba èyí tí ẹnì kan dà sórí fúláàṣì fún yín. Windows 10 àti 11 ní tiwọn tí a kò sanwó fún, Microsoft Defender. Bí láptọ́ọ̀pù yín bá jẹ́ tòkunbọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá antivirus àtijọ́ kan nínú rẹ̀ tí àsìkò rẹ̀ ti parí, tó jókòó síbẹ̀ bí ọlọ́dẹ tó ti sùn. Ẹ yọ ọ́, ẹ tan ẹ̀rọ padà.

1. Ẹ tẹ Start, ẹ kọ "Windows Security", ẹ ṣí i, ẹ tẹ "Virus & threat protection".
2. Ẹ wá "Protection updates", ẹ tẹ "Check for updates". Defender tí kò mọ fáírọ́ọ̀sì tuntun kò lè mú un.
3. Ẹ wọ "Manage settings", ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá, "Exclusions". Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ fódà tí Defender kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn sí.
4. Ẹ padà, ẹ tẹ "Scan options", ẹ mú "Full scan", ẹ tẹ "Scan now". Lórí hard disk àtijọ́ ó lè gba wákàtí púpọ̀. Ẹ fi ṣájà sí i, ẹ lọ jẹun.
5. Tó bá parí, ẹ tún mú "offline scan" níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà á tún ara rẹ̀ tàn, á sì yẹ ara rẹ̀ wò kí Windows tó jí. Ó máa ń gba bí ìṣẹ́jú 15. Èyí ló ń mú àwọn tó ń sá pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí nọ́ńbà 3, torí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Nígbà tí wọ́n bá bá yín fi Windows tí wọn kò rà sórí ẹ̀rọ, tàbí tí ẹ wa Office "crack", ìyẹn èyí tí wọ́n já ìdè rẹ̀ kí ẹ má baà sanwó, sórí rẹ̀, ìlànà tó bá a wá á ní kí ẹ pa antivirus ná, tàbí kí ẹ kọ fódà náà sínú Exclusions. Mo ti ṣí láptọ́ọ̀pù tí wọ́n kọ gbogbo C: pátá sí ibẹ̀. Onítọ̀hún ń ṣe scan lóṣooṣù, ẹ̀rọ ń sọ fún un pé ara òun le. Báwo ni kò ṣe ní sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ yọ gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.

Láti mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́, ẹ ṣí "Protection history". Ohun tó bá rí, ẹ fẹ́ kí ó kọ "Quarantined" (ó ti há a mọ́) tàbí "Removed" (ó ti yọ ọ́) sí i. Ẹ tún ṣe "Quick scan" lọ́jọ́ kejì. Bí orúkọ kan náà bá padà wá lẹ́yìn scan méjèèjì, ẹ kó ìwé yín jáde kí ẹ sì fi Windows tuntun sí i. Mi ò kí ń bá irú rẹ̀ jìjàdù mọ́.

Ìpele 4: Fúláàṣì tó ti bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà bọ̀

Ní àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH bá ń tẹ project jáde, àrùn yìí máa ń gbòde ní Under G. Ẹ fi fúláàṣì sí kọ̀ǹpútà, gbogbo fáìlì ti di shortcut, ìyẹn àmì tó kàn ń tọ́ka sí nǹkan mìíràn, tàbí kí ẹ bá shortcut kan ṣoṣo tó ń jẹ́ orúkọ fúláàṣì náà. Ọmọ á bú sẹ́kún, ẹnì kan á sì gbà á nímọ̀ràn pé kó format rẹ̀, ìyẹn kó pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́.

Ẹ má format rẹ̀! Iṣẹ́ yín wà níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì náà kàn fi í pamọ́ ni, ó sì gbé shortcut sí ipò rẹ̀ kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́. Látìgbà Windows 7, ohun orí fúláàṣì kì í dédé ta sáré fúnra rẹ̀ mọ́ bí ẹ ṣe ń kì í bọ ẹ̀rọ. Ìka yín ló ń retí.

1. Ẹ wá kọ̀ǹpútà tó ti kọjá Ìpele 3. Ẹ fi fúláàṣì sí i, ẹ má ṣí i.
2. Nínú "This PC", ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ fúláàṣì náà, kí ẹ mú "Scan with Microsoft Defender". Lórí Windows 11, ó lè wà lábẹ́ "Show more options". Ẹ kọ lẹ́tà tó ń jẹ́ sílẹ̀: E, F tàbí òmíràn.
3. Tí scan bá parí, ẹ tẹ Start, ẹ kọ cmd, ẹ ṣí Command Prompt. Ẹ kọ ìlà yìí bó ṣe rí, ṣùgbọ́n kí ẹ fi lẹ́tà fúláàṣì yín rọ́pò E:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

4. Ẹ tẹ Enter, ẹ dúró títí ìlà tuntun á fi yọ. Ẹ wá ṣí fúláàṣì. Nígbà mìíràn ẹ máa bá fódà kan tí kò ní orúkọ. Inú rẹ̀ ni ìwé yín wà.
5. Ẹ pa àwọn shortcut rẹ́, àti fáìlì tí ẹ kò mọ̀ tí ìrù orúkọ rẹ̀ jẹ́ .vbs, .js tàbí .exe. Ẹ da ìwé yín sórí kọ̀ǹpútà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, *ìgbà yìí* ni kí ẹ wá format fúláàṣì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn sáré kọ ìlà attrib láì ṣe scan ṣáájú. Ìwé á jáde lóòótọ́, fáírọ́ọ̀sì á tún fi pamọ́ kí ẹ tó dé ilé. Òmíràn ni lẹ́tà: ẹ má kọ C síbẹ̀ láéláé. Ti Windows fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ yọ fúláàṣì, ẹ tún kì í bọ ẹ̀rọ. Bí fáìlì bá dúró bí fáìlì, tí shortcut kankan kò hù padà, ó ti mọ́.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ sọ ìwé di PDF kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí nọ́ńbà WhatsApp oníṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá fi WhatsApp tiyín wọlé lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ ṣí "Linked devices" lórí fóònù kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́. Mo ti rí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ oníbàárà fún oṣù méjì, kò sì jí nǹkankan: oníbàárà náà ló gbàgbé WhatsApp rẹ̀ síbẹ̀.

Ìpele 5: Fóònù

Èyí kò gùn. Fáírọ́ọ̀sì fóònù sábà máa ń ti ibì kan wọlé: APK, ìyẹn fáìlì áàpù tí kò ti Play Store wá, tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, yálà ti owó yíyá, ti fíìmù ọ̀fẹ́, tàbí WhatsApp ayédèrú tó ní ọ̀ṣọ́ jù. Ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, "Play Protect", "Scan". Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Settings, "Accessibility", kí ẹ wo áàpù tó gba àyè níbẹ̀. Áàpù tó bá ní àyè yẹn lè ka ojú fóònù yín kó sì bá yín tẹ bọ́tìnnì, títí kan ti báńkì. Ẹ gba àyè náà lọ́wọ́ gbogbo ohun tí ẹ kò mọ̀, kí ẹ tó yọ ọ́.

Bí áàpù kan bá kọ̀ láti kúrò, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná títí "Power off" á fi yọ, kí ẹ tún tẹ "Power off" náà mọ́lẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, á bi yín bóyá kó lọ sí "Safe mode". Ẹ yọ ọ́ níbẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú "Apps" mọ́ lẹ́yìn tí ẹ tan fóònù padà, ó ti lọ.

Ìpele 6: Kí ó má baà padà wá

Ẹ jẹ́ kí Windows ṣe update rẹ̀. Mo mọ̀ pé dátà wọ́n, mo sì mọ̀ pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àsìkò tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ WannaCry ti fáìlì àwọn èèyàn pa ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, tó ń béèrè owó kó tó ṣí i, Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò tó gbà wọlé jáde láti oṣù kẹta. Ẹ fi alẹ́ kan sílẹ̀ fún un lọ́sẹ̀. Tí ẹ bá ṣì wà lórí Windows 10, àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ń wá déédéé dópin ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ yín lè gbé Windows 11.

Ẹ jẹ́ kí Windows máa fi ìrù fáìlì hàn. Nínú File Explorer ti Windows 11: "View", "Show", "File name extensions". Ìwé tó ń jẹ́ "Admission.pdf.exe" kì í ṣe ìwé, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí .exe yẹn bí ẹ kò bá tan èyí.

Bí ọmọ iṣẹ́ bá ń lo kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ṣí àkáǹtì tirẹ̀ fún un tí kì í ṣe "Administrator". Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà ti "Two-step verification" sí WhatsApp yín, àti sí ímeèlì náà irú ìdènà bẹ́ẹ̀.

Ẹ da ẹ̀dà ìwé yín sórí hard drive lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà, nítorí fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa á tì í mọ́ ọn. Kí ẹ tó gbà pé ẹ ní ẹ̀dà, ẹ gbé hard drive náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ṣí fáìlì mẹ́ta nínú rẹ̀: ìwé kan, àwòrán kan, àkọsílẹ̀ owó kan. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣí, ẹ fà á yọ, kí ẹ sì tì í mọ́ inú dúróà.